Kálẹ́ńdà Òfìfo Ezekiel Dúrótoyè

Ìbíyẹmí kò sunkún. Ohun tó ń jẹ àwọn ará Ìpótì lọ́kàn nìyẹn, ju ikú ọkọ rẹ̀ gan-an lọ. Wọ́n gbé òkú Ezekiel Dúrótoyè dé láti Àkúrẹ́, wọ́n sin ín, àwọn obìnrin ilé ké títí ohùn wọn fi há, obìnrin náà jókòó lórí ẹní, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó dìde, ó dìde. Nígbà tí wọ́n ní kó jẹun, ó jẹun. Ó padà sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà, ó ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ó ń na àwọn tó bá pẹ́ dé, kò sì sí ọmọ kan nínú kíláàsì tó lè sọ pé nǹkan kan yí padà lára tíṣà òun.

Ẹnu ayé lẹbọ. Janet, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí kì í fọ̀rọ̀ sínú sùn, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sójú rẹ̀. Ó ní, "Uyàwó mi, ọkọ lo sin, éè ṣe adìẹ. Ulú ń wò ọ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá Sarah," Ìbíyẹmí dáhùn. "Omi ojú náà ni mò ń wá."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ léyín. Èèyàn á fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ni, ṣùgbọ́n kò ní dùn ún. Ó ń gún iyán, ó ń jẹ ẹ́, kò mọ̀ bóyá ó dán tàbí ó ní ẹ̀mọ. Bí ẹ bá bi í pé kí ló jẹ lánàá, yóò ronú kó tó dáhùn.

Bí ohun kan bá wà tó ṣì ń ta á lábẹ́ òkú ara yẹn, ọ̀rọ̀ orin ni, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà náà Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ ni gbogbo wa ń lọ bí ọ̀rọ̀ ìjọba bá dé. Ibẹ̀ ni Ezekiel ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ìṣirò ilé-iṣẹ́ ìjọba kan. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé, nítorí òun náà ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Kì í ṣe orin àwọn òyìnbó nìkan ló fi ń kọ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ ń ṣe orin. Yóò jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, yóò kọ sopuránò, yóò kọ tẹ́nọ̀, yóò kọ básì ní sólífà, dó, rè, mí, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Tó bá kan álítò, ohùn kejì yẹn, yóò gbé àpótí ìjókòó lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Yóò máa kun ohùn òkè, ìyàwó rẹ̀ tó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ yóò sì máa gbé èyí tó bá a mu nísàlẹ̀, láìronú, bí ẹni ń mí.

"Tún un gbé," ni Ezekiel yóò wí.

Ìbíyẹmí yóò tún un gbé.

"Tún un gbé."

"Baálé mi, ọbẹ̀ ń jóná."

"Jẹ́ kó jóná. Tún un gbé."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Kò sí orin kan tí Ezekiel Dúrótoyè ṣe tí kì í ṣe ohùn ìyàwó rẹ̀ ló wà ní ìlà kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọkùnrin náà nìkan ni wọ́n ń kọ sókè ìwé. Ìbíyẹmí kò sì bínú sí i. Ó mọ ibi tí òun wà nínú orin náà, ìyẹn tó o.

Ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá Ezekiel wó, orin ìkórè ló ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Ìbíyẹmí àti Janet jókòó tì í. Ọ̀sán kan, ojú rẹ̀ là, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Orin ti parí. Ó wà nínú dísíkì." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ gidi mìíràn títí ó fi kú.

Janet gbà á sí ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ní ti Ìbíyẹmí, bí ẹni fi èékánná tẹ ojú egbò ló rí. Ó parí báwo? Ta ló gbé álítò? Kò lè bi aláìsàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹni tí èémí ń nira fún. Àmọ́ ìbéèrè náà kò lọ. Yálà Ezekiel ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé òun lè ṣe é láìsí i, tàbí kẹ̀, obìnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń bá a kùn ún. Ó mọ̀ pé irú ìrònú yìí kò yẹ opó. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé mọ́ ni kí ó rí orin yẹn, kí ó ka ìlà kejì, kí ó mọ ohùn tó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kó ẹrù ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́, dísíkì náà wà láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ, dúdú, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ezekiel ti fi bírò kọ ORIN sí i lára. Ìbíyẹmí fi sínú Bíbélì, ó ń wò ó.

Ìsìn ìrántí ọdún kan tó ń bọ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntóyè, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ló gba ipò ọ̀gá akọrin. Ó wá sọ fún Ìbíyẹmí pé orin tí olóògbé ṣe kẹ́yìn gan-an ló yẹ kí ẹgbẹ́ kọ lọ́jọ́ náà, bí òun bá sì rí i gbà lásìkò, òun á fi kọ́ wọn. Bí kò bá sí, wọn á mú òmíràn. Ìbíyẹmí mú dísíkì, àwọn méjèèjì wọ mọ́tò lọ sí Ìjerò, lọ́dọ̀ Philip.

Philip yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ni. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà nítòsí ọjà, òun nìkan ló sì ní irú kọ̀ǹpútà tuntun náà ní gbogbo agbègbè wa, èyí tó ní àwòrán kéékèèké lójú, tí wọ́n ń fi ohun kan tó dà bí ọṣẹ ìfọwọ́ tó nírù tọ́ka sí nǹkan. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, bí ẹ kò bá mọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sí i, yóò kàn máa wò yín. Ti Philip kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ á mọ ẹni tó máa ṣí i.

Philip ti dísíkì bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà kùn. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ORIN, àmì ìdánudúró, lẹ́yìn náà C, A, L. Philip tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àpótí kékeré kan fò jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì nínú, ọmọkùnrin náà sì tẹ̀ ẹ́ dànù kíá bí ẹni lé eṣinṣin, kò kà á. A kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ojú ìwé funfun kan ṣí sílẹ̀. Aago méje, aago mẹ́jọ, aago mẹ́sàn-án, wọ́n tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan níwájú ìkankan.

"Kálẹ́ńdà ni, sà," Philip wí fún Ògúntóyè. "Ohun tí CAL yẹn ń sọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni èèyàn máa ń kọ ohun tó bá fẹ́ ṣe lójúmọ́ sí. Bàbá kò kọ nǹkan kan."

Ògúntóyè tẹ orí mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹ wo òkè yìí," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ọjọ́ òní ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ló sọ fún Ezekiel pé òní la máa ṣí i?"

Ẹ̀rọ náà a máa fi ọjọ́ tòní hàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣí kálẹ́ńdà, ì báà jẹ́ olè. Ó yẹ kí Philip sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí bí ojú àgbàlagbà náà ṣe rí, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì dà bíi pé òun náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Ó dákẹ́.

Ìbíyẹmí wo ojú ìwé náà. Aago mẹ́jọ, òfìfo. Aago mẹ́sàn-án, òfìfo. Kò yà á lẹ́nu. Bí ọjọ́ tirẹ̀ náà ṣe ń rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí dísíkì yìí wà lọ́wọ́ mi, mà," Philip wí. "Ó wọ́n. Màá nu ohun inú rẹ̀ kúrò, màá fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́."

"Mú un," ni Ìbíyẹmí wí. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, wọ́n sì wá mọ́tò padà sílé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, gbogbo Ìpótì ti gbọ́ nípa kálẹ́ńdà náà. Ẹ mọ̀ wá, a kì í jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ lásán. Bí wọ́n bá fún ará ibòmíràn ní ìwé òfìfo, yóò dá a padà, yóò ní ẹ fún òun ní èyí tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Àwa yóò gbé e dé orí àga ìwàásù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àlùfáà ka Bíbélì níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa iye ọjọ́ ènìyàn, ó ní arákùnrin wa Dúrótoyè mọ̀ pé ọjọ́ òun ti tán, ó gbá kálẹ́ńdà rẹ̀ mọ́, ó sì fi lé wa lọ́wọ́ kí olúkúlùkù wo tirẹ̀. Ó wàásù náà dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àwọn tó jẹ gbèsè ẹ̀jẹ́ ìkórè san án lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin aládùúrà láti ìjọ kejì rìn wá sí ilé opó láti sọ fún un pé àwọn ti rí kálẹ́ńdà kan náà lójú ìran ṣáájú àkókò yẹn, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ rántí àwọ̀ rẹ̀.

Janet sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Àbúrò mi mọ̀ pé òun ń lọ. Ukú ti fi ara hàn án, éè sọ fún mi."

Ìbíyẹmí pọnmi fún àwọn àlejò, ó sì kí wọn. Ohun tó ń rò ni pé orin kankan kò sí. Ọ̀rọ̀ àìsàn lásán ni èyí tí Ezekiel sọ. Ezekiel kò kọ álítò fúnra rẹ̀, obìnrin kankan kò bá a kọ ọ́, nítorí kò sí ohun tí wọ́n kọ. Ó yẹ kí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀gún tó ti ń gún un láti ilé ìwòsàn kúrò lóòótọ́, ìgbà tó kúrò tán ló wá mọ̀ pé ẹ̀gún yẹn nìkan ló ṣẹ́kù tó ń bá òun gbé. Ó kó abọ́ omi nílẹ̀, ó lọ fọ̀ wọ́n.

Ìgbà ìsinmi ilé-ìwé ni Christiana dé. Ọ́fíìsì kan náà lòun àti Ezekiel ti ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò lè wá síbi ìsìnkú nítorí pé oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, ó wá kí opó báyìí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Bàbá ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́."

Ìbíyẹmí gbé oúnjẹ fún un. Janet ló gbé ìròyìn kálẹ́ńdà fún un, láti orí dísíkì dé orí ìwàásù, kò fo ìkankan. Christiana gbọ́ ọ dé ìdajì, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ forí jì mí, mà. Kálẹ́ńdà kẹ̀? Ní ọ́fíìsì wa? Kálẹ́ńdà kan ṣoṣo tí a ní, ara ògiri ló wà, ó sì ti tó ọdún méjì tí kò sẹ́ni tó ṣí i."

Janet ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ògúntóyè fojú rí i."

"Wọ́n rí kálẹ́ńdà lóòótọ́, mà, àmọ́ kì í ṣe ti Bàbá." Christiana gbé abọ́ iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé Dàda kan wà lágbolé yìí, Dàda mìíràn sì wà lágbolé kejì, ìyá wọn ò mọra. Irun orí ló fún àwọn méjèèjì lórúkọ. Bí ẹ bá dúró sí títì tí ẹ pe Dàda, èyí tó bá wà nítòsí ló máa dáhùn. Ètò ìṣirò tí a ń lò ní ọ́fíìsì, CAL ló ń kọ sẹ́yìn fáìlì rẹ̀. Kálẹ́ńdà tó wà nínú kọ̀ǹpútà tuntun náà, CAL ni tirẹ̀. Wọn ò bára wọn tan. Ọmọkùnrin yẹn pe Dàda, ti ilé rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ṣeé ṣe kí ó tilẹ̀ sọ fún un pé òun kọ́ ló ń wá, kí ọmọkùnrin náà má gbọ́."

Ìbíyẹmí rántí àpótí kékeré tí Philip tẹ̀ dànù. "Kí ni orin ń wá nínú ètò ìṣirò?"

"Ibẹ̀ ni Bàbá ti ń kọ ọ́, mà. Ojú rẹ̀ rí bíi wáyà ilé àdìẹ, àpótí àpótí. Wọ́n ní sólífà kì í jókòó dáadáa nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó máa ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Nínú àpótí wọ̀nyẹn, olúkúlùkù dúró sí àyè rẹ̀. Bí a bá ti ṣe tán nídìí ìwé ìnáwó, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa kùn."

"Ta ló ń bá a kùn ún?"

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ìbéèrè yẹn gbé dání àfi ẹni tó bi í. Christiana ronú. "Mi ò lè sọ, mà. Àwa a ti máa lọ sílé." Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ bèèrè. "Dísíkì náà dà?"

Ìbíyẹmí sọ ibi tó wà. Christiana gbọ́ pé Philip fẹ́ nù ún, ó dìde láìjẹ òkèlè mìíràn, ó sì fa ọ̀já rẹ̀ le.

Ní Ìjerò, Philip gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa dúróà. Ó fa èyí òkè, wáyà ló kún inú rẹ̀. Ó fa ti àárín. Ìbíyẹmí rí i pé ọwọ́ òun ti na sí dúróà ìsàlẹ̀, ó sì wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ọlọ́wọ́. Ó pẹ́ tí ọwọ́ náà ti wá nǹkan kan fúnra rẹ̀.

"Mo gbìyànjú láti nù ún, mà," Philip wí, orí rẹ̀ ṣì wà nínú dúróà. "Ó kọ̀. Mo nù ún nù ún, ó ń sọ pé òun ò gbà. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, mo jù ú síbí." Ó fa ọwọ́ jáde, dísíkì Ezekiel ló wà níbẹ̀, eruku ti bo ORIN.

Christiana gbà á, ó nà án síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ihò kékeré kan wà ní igun rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. "Bàbá ti tì í," ó wí. "Ike kékeré kan wà níbí, bí èèyàn bá fi èékánná sún un, ẹnikẹ́ni kò lè kọ nǹkan sí i tàbí kó nù ún. Bàbá ò ní tilẹ̀kùn ohun tí wọn ò tíì ṣe tán. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́ kan, wọ́n á tì í."

Philip tọrọ àforíjì, Ìbíyẹmí sì ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún àtijọ́ ti padà sáyè rẹ̀. Ezekiel parí orin. Ó parí i, ó tì í pa, láìwá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ajé ni àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí ètò ìṣirò náà wà. Wọ́n wọ mọ́tò ní Ìjerò, wọ́n sọ̀ ní Aramọkọ, wọ́n wọ òmíràn lọ sí Adó, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó gbé wọn dé ọ̀hún. Ní gbogbo ọ̀nà, Ìbíyẹmí di báàgì rẹ̀ mú sórí itan, kò wo òkè, kò wo igbó. Bí mo bá ní ó ń gbàdúrà, irọ́ ni. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ti ka ìlà kejì, tí òun rí i pé kì í ṣe ohùn òun, òun á gbé e fún Ògúntóyè, òun á kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù lọ́jọ́ ìrántí, òun á sì lọ sílé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti jáde lọ jẹun ọ̀sán nígbà tí Christiana mú un wọlé. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti gbó, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù. Àga tó wà nídìí rẹ̀ ní tìmùtìmù tí Ìbíyẹmí fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Christiana ní kó jókòó lórí rẹ̀, òun dúró nítorí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn òun.

Kò fọwọ́ kan fáìlì náà lákọ̀ọ́kọ́. Ètò ìṣirò ló kọ́kọ́ pè, ó dúró títí ojú rẹ̀ fi là, tí àpótí àpótí rẹ̀ fi tò kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó pe ORIN láti inú ilé. Ẹ̀rọ náà kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn.

Orin náà dé. Lẹ́tà kan nínú àpótí kan, ìlù kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Christiana ti wí. Lápá òsì ni Ezekiel kọ orúkọ ohùn sí. SOPRANO ló wà lókè, àpótí rẹ̀ kún. TENOR wà nísàlẹ̀, ó kún. BASS kún. Ọ̀rọ̀ orin wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa iṣu tuntun àti òjò àkọ́rọ̀. Ìlà kejì nìkan ni kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí ó kọ ALTO sí, ohun tó wà níbẹ̀ ni IBIYEMI.

"Sún un síwájú," Ìbíyẹmí wí.

Christiana sún un. Ojú ìwé ń lọ, àwọn ohùn mẹ́ta ń lọ, ìlà kejì ṣófo lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ibi tí Ezekiel fa igi méjì sí, tó kọ AMIN láìsí àmì lórí.

"Ó mà ṣe o," Christiana wí. "Ìlà kan ti parẹ́, mà. Bóyá ibi tí ọmọkùnrin yẹn ti ń gbìyànjú láti nù ún ni."

"Kò parẹ́."

"Ṣé wọn ò tíì parí i ni?"

"Ó ti parí i," Ìbíyẹmí wí. "Ibi tí tirẹ̀ mọ nìyẹn."

Ó jókòó, ó ń wo orúkọ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ezekiel ti parí tirẹ̀, ó tì í pa kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án, ó ń gbé e bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì tí kò dé mọ́. Gbogbo oṣù wọ̀nyí ló ti ń fura sí òkú. Ojú tì í gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbẹ síbẹ̀.

"Ṣé o lè ṣí i?" ó bèèrè. "Ike tó fi tì í yẹn."

Christiana yọ dísíkì, ó fi èékánná sún ike náà, ihò kékeré náà dí. Ó tì í bọlé padà. Ó ní òun ò gbọ́ sólífà o, àfi kí Màmá máa pe lẹ́tà fún òun.

Ìbíyẹmí ka ìlà òkè, ó kùn ún jẹ́jẹ́, bí Ezekiel ṣe máa ń kùn ún lórí àpótí ìjókòó. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu, ohùn kejì sì jáde wá, láìronú. Ó ń gbé e, ó ń pe lẹ́tà rẹ̀, mí, mí, rè, Christiana ń tẹ̀ ẹ́, àpótí kan, àpótí kejì. Wọ́n ṣe ìlà òjò tán. Wọ́n dé ibi iṣu. Ohùn náà ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí, Ìbíyẹmí sì bá a sọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn Christiana yí orí padà, ó ké díẹ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n, ìka rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ má bínú, mà, mi ò gbọ́ ìyẹn," ó wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ẹ tún un gbé."

Ìbíyẹmí la ẹnu láti tún un gbé. Ohun tó jáde kì í ṣe orin. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbá orí tábìlì mú, igbe sì ya jáde láti inú rẹ̀ débi pé ẹni tó ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Ó ń pe Ezekiel lórúkọ. Ó ń sọ pé ọbẹ̀ ti jóná, kó wá, ọbẹ̀ ti jóná tipẹ́. Christiana rò pé òun tẹ nǹkan kan tí kò yẹ, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kúrò lórí ẹ̀rọ, kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti jí pátápátá, òun náà ti bá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi oúnjẹ dé, tí wọ́n ń yọjú, tí wọ́n ń padà. Gbogbo ara Ìbíyẹmí ń dùn ún, láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ti ń wò láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó fi etí gèlè nu ojú. Ó nu imú. Ó fa àga Ezekiel sún mọ́ tábìlì.

"Níbo la dé?" ó bèèrè.

Christiana fi ìka hàn án, Ìbíyẹmí sì tún un gbé.